Fóònù Tí Àǹtí Yá ní Àpòmù

Tí Àǹtí bá wọ ilé ẹnikẹ́ni ní Ìkirè láti bá a sọ̀rọ̀ adójútòfò, òkè ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń wò. Wọ́n á kí onílé, wọ́n á jókòó, wọ́n á gba omi mu, ṣùgbọ́n ojú wọn á ti rìn yí àjà ká: ibi tí wáyà iná ti bó, ibi tí èéfín ti sọ páànù di dúdú, igun tí wọ́n to àpò kòkó sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ kẹ́ẹ̀gì kẹrosíìnì. Kí wọ́n tó dárúkọ ìwé kankan, wọ́n á ti bẹ onílé pé kó gbé kẹ́ẹ̀gì yẹn kúrò níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló gbé kẹ́ẹ̀gì tí kò ra nǹkan kan. Kò dun Àǹtí. Wọ́n ní ilé tí kò jóná sàn ju ilé tí a sanwó rẹ̀ lọ.

Àbúrò bàbá mi ni wọ́n, àwọn náà ló sì kọ́ mi ní iṣẹ́ tí mò ń ṣe lónìí. Àwọn tíṣà ń pè wọ́n ní Madaamu. Àwọn awakọ̀ ń pè wọ́n ní Ìyá Ìnṣọ́ránsì. Àwọn obìnrin tó ń dín dòdò lẹ́bàá títì Ìbàdàn ń pè wọ́n ní Ìyá Adójútòfò, orúkọ yẹn ni wọ́n sì fẹ́ràn jù. Bàbá mi nìkan ni kì í fi wọ́n lọ́rùn sílẹ̀. Bàbá á ní nínú gbogbo ọjà tí èèyàn ń tà láyé, ti àbúrò òun nìkan ni oníbàárà ń rà tán tó sì ń gbàdúrà kí òun má lò ó láéláé. Àǹtí á kàn dáhùn pé, "Àmín, Bùọ̀dá mi."

Mi ò kẹ́kọ̀ọ́ adójútòfò ní ilé-ẹ̀kọ́ kankan. Díẹ̀ ni mo gbọ́ lẹ́nu Àǹtí, ìyókù ni mo fi ojú ara mi kà, pàápàá àwọn ọ̀rọ̀ wínníwínní tí wọ́n máa ń tẹ̀ sí ẹ̀yìn ìwé tí ẹnikẹ́ni kì í kà. Èmi máa ń kà wọ́n bí ẹni ń jẹ ẹ̀pà. Mo mọ ìdí tí ṣọ́ọ̀bù onípákó fi ń san ju ti oníbíríkì lọ. Mo mọ̀ pé iná nìkan kọ́ ni ọ̀tá àká kòkó, pé òrùlé tó ń jò lè ba àpò púpọ̀ jẹ́ kí olówó tó gbóòórùn rẹ̀. Ní ti dòdò Ìkirè, mo lè fi gbogbo ọ̀sán ṣàlàyé rẹ̀: ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti pọ́n kọjá ààlà, tí wọ́n gún mọ́ ata àti iyọ̀, tí wọ́n dín nínú epo pupa títí tó fi dúdú bí èédú. Epo yẹn gan-an ni ewu rẹ̀. Àǹtí máa ń na apá wọn láti ara ààrò dé ara ògiri kí wọ́n lè mọ bí iná ṣe súnmọ́ ilé tó. Wọ́n á sì ní kí obìnrin kọ̀ọ̀kan gbé garawa iyanrìn sí tòsí, torí omi kì í pa iná epo, ńṣe ló ń tú u ká.

Iná kò ṣòroó sọ. Adójútòfò ẹ̀mí ló ṣòro. Níbi tí àwọn èèyàn ti ń sọ pé "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́" kí o tó parí gbólóhùn rẹ, báwo lo ṣe fẹ́ wí i? Mi ò gbọ́ ọ lẹ́nu Àǹtí rí pé "tí ẹ bá kú." Ohun tí wọ́n máa ń sọ ni pé, "Ọjọ́ tí ọwọ́ yín ò bá tó ilé mọ́." Èmi tí mo fẹ́ kí gbogbo nǹkan ṣe rẹ́gí sọ fún wọn nígbà kan pé ọ̀rọ̀ yẹn kò dúró lójú kan, pé ẹni tí wọ́n lé níbi iṣẹ́ náà, ọwọ́ rẹ̀ kò tó ilé. Wọ́n ní ẹni tí a bá ń sọ ọ́ fún ti gbọ́.

Òfin kan ṣoṣo ni wọ́n fún mi: ẹnu gbọ́dọ̀ ṣíwájú ìwé. Tí a bá ti gbọ́ pé ẹnì kan tó ra ìwé lọ́wọ́ wa ti kú, a kò gbọ́dọ̀ gbé báàgì wọlé wọn títí a ó fi mọ ẹni tí wọ́n ti sọ fún àti ẹni tí wọn kò tíì sọ fún. Ìdí rẹ̀ ni pé ikú ọ̀dọ́ kì í ṣe ohun tí à ń já lu ìyá ọmọ. Wọ́n á kọ́kọ́ sọ pé ara ọmọ kò yá. Wọ́n á wá sọ pé ó le díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni àwọn àgbà á péjọ, ẹni tí ọ̀rọ̀ náà sì tọ́ sí lẹ́nu nínú wọn á sọ ọ́. Kì í ṣe gbogbo ẹnu ló tọ́ sí. Ẹ̀gbọ́n ìyá ọmọ lè sọ ọ́. Aládùúgbò kò lè sọ ọ́, ẹjẹ́ǹtì adójútòfò kò sì gbọ́dọ̀ dán an wò.

Àpòmù ni mo ti wá mọ ìdí tí Àǹtí fi di òfin yẹn mú bẹ́ẹ̀.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà tó jẹ́ ọmọ Àpòmù, tíṣà ni, apá Òkè-Ògùn ni wọ́n gbé e lọ. Kó tó lọ ló wá sí ọ́fíìsì wa ní Ìkirè láti ra adójútòfò ẹ̀mí. Kò tíì láya, nítorí náà ìyá rẹ̀ ló fi ṣe ẹni tí owó tọ́ sí, nọ́ńbà fóònù ìyá náà ló sì kọ síbẹ̀, nítorí òun fúnra rẹ̀ ló ra fóònù ọ̀hún fún wọn. Aláwàdà ọmọ ni. Bó ṣe ń fọwọ́ sí i, ó ní kí Àǹtí jọ̀ọ́ má jẹ̀ẹ́ kí ìyá òun gbọ́ pé òun ti forúkọ sílẹ̀ nínú ìwé òkú. Àǹtí wò ó, wọ́n ní, "Ìwé alààyè ni. Òkú kì í fọwọ́ síwèé." Ọmọ náà rẹ́rìn-ín dé ẹnu ọ̀nà.

Ní àsìkò òjò kan, lọ́wọ́ ọ̀sán, olú iléeṣẹ́ wa pè láti Èkó. Ọkùnrin tó pè sọ pé ilé-ìwé tí ọmọ náà ti ń kọ́ni ti fi tó àwọn létí pé àìsàn ránpẹ́ ló mú un lọ, wọ́n sì ti sin ín síbẹ̀. Ó ní kí Àǹtí máa múra sílẹ̀ fún ètò owó náà. Ó wá fi kún un pé wọ́n á pe ìyá olóògbé lọ́jọ́ náà gan-an láti bá a kẹ́dùn, kí wọ́n sì sọ àwọn ìwé tí yóò mú wá fún un. Ètò tuntun ni. Ẹnì kan wà tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó máa pe àwọn èèyàn lọ.

Àǹtí béèrè bóyá wọ́n ti pè. Ó ní kò tíì kàn án. Wọ́n bẹ̀ ẹ́ kó dá a dúró. Ó ní kì í ṣe lọ́wọ́ òun ló wà, bí ètò ṣe wí nìyẹn, pé a kò fẹ́ kí àwọn oníbàárà rò pé a kò náání àwọn. Ọkùnrin náà kò sọ̀rọ̀ burúkú kankan. Àǹtí gbé fóònù sílẹ̀, wọ́n yíjú sí mi.

"Gbé kọ́kọ́rọ́ mọ́tò."

Ìkirè sí Àpòmù kò jìnnà, ṣùgbọ́n ọjọ́ náà gùn lójú mi. Àǹtí pe ẹ̀gbọ́n olóògbé, tó ń ta ohun èlò ìkọ́lé ní Àpòmù. Mò ń gbọ́ ẹkún rẹ̀ láti ibi tí mo ti ń wakọ̀. Àwọn ti gbọ́ lánàá, ó ní, àwọn kò tíì sọ fún Màmá. Ẹ̀jẹ̀ ríru wà lára wọn. Ẹ̀gbọ́n Màmá tó wà ní Orílẹ̀-Òwu, tó tọ́ wọn dàgbà lẹ́yìn ìyá wọn, ni gbogbo ẹbí gbà pé ọ̀rọ̀ náà tọ́ sí lẹ́nu, wọ́n sì ti ránṣẹ́ sí wọn, àmọ́ òjò ti ba ọ̀nà jẹ́. Àǹtí béèrè nípa fóònù Màmá. Ẹ̀gbọ́n olóògbé ní àwọn ti dá gbogbo ẹni tó fẹ́ wá sunkún padà ní ẹnu ọ̀nà, àwọn kò rántí pé fóònù kì í gba ẹnu ọ̀nà wọlé.

Ohun tó wà níwájú wa kò ju ẹyọ kan lọ: kí ọmọ ọlọ́mọ kan tó jókòó sí Èkó má ṣe jẹ́ ẹni tí yóò sọ fún ìyá yẹn pé ọmọ rẹ̀ ti kú.

A bá ìyá náà níwájú ilé, wọ́n na ẹsẹ̀ sórí ẹní, wọ́n ń bó ẹ̀gúsí. Fóònù wà níbi etí ìró wọn, wọ́n ta á ní kókó. Bí wọ́n ṣe rí Àǹtí ni ojú wọn tàn.

"Ìyá Adójútòfò. Ta lẹ tún wá dẹ́rù bà ní Àpòmù?"

"Ẹ̀yin ni mo wá kí, mà."

"Ẹ̀rù kì í bà mí o. Ẹ jókòó."

A jókòó. Àǹtí kí wọn kú iṣẹ́, wọ́n kí wọn kú òjò, wọ́n béèrè bí kòkó ọdún náà ṣe rí. Wọ́n wá ní kí ìyá jọ̀ọ́ yá àwọn ní fóònù wọn, pé iná ti tán lára ti àwọn. Gbogbo wa la máa ń sọ pé fóònù kú. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, Àǹtí wá ọ̀rọ̀ mìíràn. Ìyá tú kókó etí ìró, wọ́n nà án sí wọn, wọ́n ní kí wọ́n má jẹ owó orí rẹ̀ tán.

Àǹtí mú un lọ sábẹ́ igi ọsàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé. Èmi fà mọ́ ẹ̀gúsí. Ìyá kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń tẹ etí rẹ̀ kó má baà fọ́, torí mò ń fọ́ ọ jù. Wọ́n ní ọmọ àwọn tó wà ní Òkè-Ògùn mọ̀ ọ́n bó ju obìnrin lọ. Wọ́n ní aláalẹ́ ló máa ń pe àwọn, pé kò pè lánàá, nẹ́tíwọ̀kì ibẹ̀ kò dáa rárá. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mà. Mi ò gbé ojú sókè.

Nígbà tí fóònù dún, mo gbé àpótí ìjókòó kan lọ fún Àǹtí bí ẹni pé ohun tí mo dìde fún nìyẹn. Ohùn ọmọbìnrin ló ń jáde níbẹ̀, ohùn tútù tó mọ́ dáadáa.

"Ẹ káàsán, mà. Ṣé Màmá ni mò ń bá sọ̀rọ̀?"

"Rárá, ọmọ mi. Ẹjẹ́ǹtì yín ní Ìkirè ni. Fóònù wọn ló wà lọ́wọ́ mi."

Ọmọbìnrin náà ní kí wọ́n má bínú, ẹni tó ni fóònù gan-an lòun gbọ́dọ̀ bá sọ̀rọ̀. Àǹtí ní ẹbí kò tíì sọ fún Màmá. Ọmọ náà ní yóò hàn lójú kọ̀ǹpútà pé òun kò pè.

"O ti pè. Èmi náà ti gbé e. Kọ ìyẹn síbẹ̀."

"Mà..."

"Ọmọ ibo ni ẹ́?"

"Ẹdẹ ni, mà."

"Tí irú èyí bá ṣẹlẹ̀ nílé yín ní Ẹdẹ, ta ló máa ń sọ fún ìyá ọmọ?"

Ó ní ìyá bàbá àwọn ló sọ ti ẹ̀gbọ́n òun fún ìyá àwọn.

"Ṣé fóònù ni wọ́n fi sọ ọ́?"

"Rárá, mà."

Ọmọbìnrin náà ló wá sọ ọ́ fúnra rẹ̀ pé òun yóò kọ ọ́ pé kí wọ́n má pè mọ́ títí Àǹtí yóò fi ránṣẹ́. Ó dúpẹ́, ó ní, "Ẹ bá mi kí Màmá." Ó tún yára ní, "Ẹ má tíì bá mi kí wọn, mà."

Àǹtí kò dá fóònù padà. Ó sì dára bẹ́ẹ̀, torí ẹnì kan tí òun àti olóògbé jọ ń kọ́ni pè lẹ́yìn rẹ̀, obìnrin kan láti ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ níbẹ̀ náà sì pè, àwọn méjèèjì ti ń sunkún kí wọ́n tó kí èèyàn. Abẹ́ igi ọsàn yẹn ni Àǹtí ti ń gba ẹkún gbogbo wọn pa mọ́. Ìyá wò wọ́n lókèèrè, wọ́n ní ṣé bí iṣẹ́ wa ṣe rí nìyí, kí èèyàn máa sọ̀rọ̀ títí bí asọ̀rọ̀mágbèsì. Mo ní bó ṣe rí nìyẹn, mà.

Ọjọ́ ti ń rọ̀ nígbà tí ẹ̀gbọ́n wọn dé láti Orílẹ̀-Òwu. Orí ọ̀kadà ni wọ́n wà, arúgbó bẹ́ẹ̀, ẹrẹ̀ dé orúnkún wọn, gèlè wọn ti tutù. Bí wọ́n ṣe sọ̀kalẹ̀ ni àwọn àgbà ẹbí bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lọ́kọ̀ọ̀kan láti ilé tó wà ní òdìkejì. Kò sẹ́ni tó pè wọ́n, kò sì sẹ́ni tó béèrè ohun tí wọ́n wá ṣe. Ìyá wo ẹ̀gbọ́n wọn. Wọ́n wo àwọn àgbà yòókù.

"Ẹ jókòó," wọ́n ní. "Ẹ jẹ́ n kó ẹ̀gúsí yìí wọlé ná, òjò ń bọ̀."

Wọ́n kó o. Wọ́n gbọn ẹní, wọ́n fọwọ́, wọ́n wọlé lọ jókòó síbi ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n wọn. Èmi àti Àǹtí kò tẹ̀ lé wọn. A dúró síta, mo sì ń gbọ́ ohùn ẹ̀gbọ́n wọn tó ń ti ọ̀nà jíjìn bọ̀, láti orí ìyá tó bí àwọn méjèèjì, láti orí àwọn ọmọ tí ìyá yẹn náà sin. Kò kánjú. Nígbà tí igbe ta nínú ilé, Àǹtí so fóònù náà mọ́ etí ìró tiwọn, wọ́n sì gbé ọwọ́ lé e bí ẹni tí ń rẹ ọmọ lẹ́kún.

Ìgbà tí ìlú ti gbàgbé, tí àwọn akẹ́dùn kò wá mọ́, la tó gbé ìwé lọ. Ìyá ti rù, ṣùgbọ́n wọ́n tún wà lórí ẹní wọn. Wọ́n tẹ ìka síbi tí a fi hàn wọ́n. Bí Àǹtí ṣe ń dá ìwé padà sínú báàgì ni ìyá ní, "Ọjọ́ tí ẹ gba fóònù mi, mo ti mọ̀."

Ọwọ́ Àǹtí dúró.

"Tiyín ń tàn nínú àpò aṣọ yín bí ẹ ṣe jókòó. Ẹ sì ní iná ti tán lára rẹ̀."

Èmi ló la ẹnu béèrè, torí Àǹtí kò ní béèrè láé. Mo ní, kí ló dé tí ẹ kò bi wá nígbà náà, mà?

Ìyá gbọn èèpo ẹ̀gúsí kúrò nítan. "Ẹ̀gbọ́n mi gun ọ̀kadà nínú òjò nítorí ọ̀rọ̀ yẹn. Bí mo bá ti gbà á lẹ́nu yín, kí ni mo tún fẹ́ gbà lẹ́nu wọn? Ẹrù wọn ni. Mo ní kí n jẹ́ kí wọ́n sọ̀ ọ́ kalẹ̀."

Wọ́n di ẹ̀gúsí fún wa. A dé Ìkirè. Àǹtí ní kí n dúró níbi àwọn onídòdò, wọ́n ra, wọ́n jẹ ẹyọ kan, wọ́n ní àwa la rò pé à ń bò wọ́n láṣìírí.

Lẹ́yìn náà ni mo kó lọ sí Ìbàdàn, mo ní àwọn oníbàárà tèmi, Àǹtí sì fẹ̀yìn tì. Kò sí ọ̀sẹ̀ tí wọn kì í pè mí. Wọ́n á béèrè òrùlé tí mo wò, wọ́n á béèrè bóyá mo ti jẹun, wọn á gbàgbé nǹkan kan, wọn á tún pè. Wọn kì í rán ẹnikẹ́ni pè mí.

Nítorí náà, nígbà tí ọmọ wọn obìnrin pè mí láàárọ̀ ọjọ́ kan tó ní, "Ẹ̀gbọ́n, Mọ́mì ní kí ẹ máa bọ̀ nílé, kí ẹ sì rọra wakọ̀," mo jókòó. Gbogbo ọ̀nà tí wọ́n ń gbà sọ ọ́ ni mo mọ̀, iṣẹ́ mi ni. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni ǹ bá bi í, kì bá sì dá a lóhùn. Mo bi í bóyá ó ti jẹun. Ó ní òun ti jẹun.

Mo rọra wakọ̀ bó ṣe wí. Nígbà tí mo kọjá afárá Àsẹ́jìrẹ́, fóònù bẹ̀rẹ̀ sí í dún nínú àpò mi. Mo dúró lẹ́bàá títì. Oníbàárà Àǹtí kan ni, ọ̀kan nínú àwọn onídòdò. Mo wo orúkọ rẹ̀ títí tó fi dákẹ́. Nígbà tó tún bẹ̀rẹ̀, mo pa fóònù náà pátápátá, mo sì gbé e sínú àpótí ọkọ̀.

Ẹnu ọ̀nà ilé wa mọ́ tónítóní. Wọ́n ti dá àwọn akẹ́dùn padà. Bàbá mi wà ní pálọ̀ pẹ̀lú àwọn àgbà méjì, fìlà wà lórí wọn, ọ̀pá wà láàárín ẹsẹ̀ wọn. Wọ́n gbé omi wá fún mi, mo mu ún. Bàbá bẹ̀rẹ̀ láti oko Ìkòyí tó wà lẹ́bàá Àpòmù, láti ìgbà tí àbúrò wọn kéré tó ń tọ̀ wọ́n lẹ́yìn pẹ̀lú agbọ̀n, tó ní òun fẹ́ ka gbogbo igi kòkó. Wọ́n sọ ti ilé-ìwé. Wọ́n sọ ti ọjọ́ tó kọ́kọ́ gbé báàgì kiri ìlú, tí àwọn fi rẹ́rìn-ín títí. Mo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ. Mo kàn jókòó tì wọ́n, mo ń gbọ́ ọ bí ẹni tí kò gbọ́ ọ rí, títí wọ́n fi débẹ̀.

"Ọwọ́ àbúrò mi," ni Bàbá wí, "kò tó ilé mọ́."

Mo ní, "Ẹ ṣeun, Bàbá." Mo gba ọ̀pá lọ́wọ́ wọn. Ìgbà yẹn ni mo tó sunkún.